Fílítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì: ṣé ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni kí n rà, àbí ti ilé iṣẹ́ mìíràn?

Àbẹ̀kẹ́ Onímọ́tò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ mẹ́ta, mo ní kí n gbé e wá síwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni ọkọ̀ mi, bẹntiróòlù ló ń lò, ó sì ti rin nǹkan bí 140,000 kìlómítà. Mo ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀, mo bá fílítà náà tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ohun mẹ́ta ló wà níwájú mi.

Àkọ́kọ́ ni ojúlówó, èyí tí orúkọ ọkọ̀ mi wà lára páálí rẹ̀. Òun ló wọ́n ju ìkejì lọ dáadáa. Ìkejì, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, bébà lòun náà, ojú lásán ò sì lè fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì hàn mí. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n fi òwú ṣe, tí wọ́n ń fi òróró pa, téèyàn lè máa fọ̀ kó sì máa lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì á lágbára sí i, epo tó ń mu á sì dín kù.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n gbà gbọ́? Mi ò fẹ́ tìtorí ahun ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, mi ò sì fẹ́ sanwó orúkọ lásán.

Sùúrù Lérè

Ojúlówó ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì lọ sùn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló mọ ohun tó bá a mu. Èmi ò fi òmíràn sínú tèmi rí, kò sì yọ mí lẹ́nu rí.

Ọ̀gá Sùpánà

Àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́, ìbéèrè gidi lẹ béèrè. Ohun tí Sùúrù sọ ò burú, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó, torí orúkọ ara páálí kọ́ ló ń dá eruku dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí fílítà ń ṣe. Kí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó lè jó epo lítà kan ṣoṣo, ó máa fa afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bíi lítà 9,000 sínú. Ẹ wá fojú inú wo iye eruku tó máa wà nínú ìyẹn lójú ọ̀nà tí wọn ò da ọ̀dà sí. Yanrìn kúnnákúnná wà nínú eruku yẹn. Tó bá wọlé, àárín ríǹgì písítìnnì àti ara sìlíńdà ló máa há sí, á sì máa ha irin bí ẹni fi sáńpépà ha igi. Kì í ṣe ọjọ́ kan lẹ máa rí i. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, èéfín aró á máa jáde lẹ́yìn, agbára á sì máa dín kù.

Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń yọ fílítà tí ò dáa, bébà inú rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń dá ọ̀ràn sílẹ̀. Etí rẹ̀ ni. Oníbàárà mi kan gbé ọkọ̀ wá torí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń mu ọ́ìlì. Ó ní òun ò fi fílítà ṣeré, tuntun ló wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tóun ti ń lo irú rẹ̀. Mo yọ ọ́ wò. Bébà rẹ̀ mọ́ ju bó ṣe yẹ kó mọ́ lọ fún fílítà tó ti lo oṣù mẹ́rin, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú páìpù tó wà lẹ́yìn fílítà, ibi tó yẹ kó mọ́ bí àwo. Mo fìka nù ún: eruku pupa, ó kúnná bí àtíkè, ó sì fa ìlà láti igun kan ilé fílítà wọ inú páìpù lọ. Rọ́bà etí fílítà yẹn kúrú ju àyè rẹ̀ lọ ní igun yẹn. Àlàfo náà ò nípọn ju èékánná lọ, àmọ́ ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Afẹ́fẹ́ kì í bá ohun tó le jà, ibi tó bá rọrùn ló máa ń gbà.

Torí náà, kí n tó béèrè ẹni tó ṣe é, màá kọ́kọ́ béèrè bóyá ó jókòó dáadáa sáyè rẹ̀. Ẹ wo páìpù yẹn kẹ́ ẹ tó rà ohunkóhun.

Ẹlẹ́sẹ̀ Fúyẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbèjà èyí tí wọ́n fi òwú ṣe, torí mi ò tíì rí ẹni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lo ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fọ̀ ọ́. Ká ní bébà ni, mi ò mọ iye tí mi ò bá ti kó dà nù. Tí mo bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì máa ń rinlẹ̀ sí i, ọkọ̀ sì máa ń dá mi lóhùn kíá.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje náà ti ń lò ó tipẹ́. K&N, tí orúkọ wọn lókìkí jù nínú irú fílítà yìí, ọdún 1969 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí kò bá wúlò kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà.

Ìyá Ìbejì

Ẹlẹ́sẹ̀ Fúyẹ́, mi ò ní kẹ́ ẹ má lo tiyín, àmọ́ kí Àbẹ̀kẹ́ gbọ́ ohun tójú mi rí.

Èmi náà ra èyí tí wọ́n fi òwú ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọ̀ ọ́, mo rò pé bí òróró bá ṣe pọ̀ tó ni á ṣe máa mú eruku tó. Mo da òróró sí i títí gbogbo ara rẹ̀ fi pupa wẹ̀ẹ̀, mo sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí iná ẹ́ńjìnnì fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí mo bá dúró síbì kan láìpa ọkọ̀, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà àṣìṣe P0101 ló gbé jáde, ìyẹn ti sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé.

Mẹkáníìkì mi yọ sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní MAF, ó sì fi hàn mí. Wáyà kan báyìí ló wà nínú rẹ̀, tó tín-ín-rín bí irun orí. Ó ṣàlàyé fún mi pé iná ló máa ń mú wáyà yẹn gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá á máa mú un tutù, iye iná tó sì gbà kí wáyà náà má tutù ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Òróró ti bo wáyà tèmi, ó ń dán lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà kì í ṣe òótọ́ mọ́, epo tí ẹ́ńjìnnì ń gbà ò sì bá afẹ́fẹ́ rẹ̀ mu. Wọ́n fín oògùn tí wọ́n fi ń fọ MAF sí i, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n dá a padà, ara ọkọ̀ sì balẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni, òróró ni mo fi pọ̀ jù. Àmọ́ bébà ò ní kí n mọ ìwọ̀n òróró kankan, òun ni mo sì padà sí.

Ẹlẹ́sẹ̀ Fúyẹ́

Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Ìbejì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ta á sí i, kí fílítà sì ti gbẹ dáadáa kó tó kan òróró, ká tún wá fi sílẹ̀ kí òróró náà ràn kárí kó tó wọnú ọkọ̀. Kò sì gbọdọ̀ sí ìkánjú nínú iṣẹ́ yẹn rárá. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Olùdánwò Asẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọdún mọ́kànlá ni dídán fílítà wò, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń ká mi lára, torí ohun tó ṣe pàtàkì jù kì í sí lára páálí.

Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 5011, òun ni wọ́n fi ń dán fílítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì wò káàkiri ayé. Eruku tí wọ́n ti wọn bó ṣe kúnná tó ni wọ́n á máa fẹ́ sí i. Wọ́n á wo iye eruku tó dá dúró, wọ́n á wo bó ṣe ń ni ẹ́ńjìnnì lára tó láti mí gba inú rẹ̀, wọ́n á sì wo iye eruku tó lè gbà mọ́ra kó tó di. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí máa ń bá ara wọn fà á. Asẹ́ tójú rẹ̀ fẹ̀ kì í dá èyí tó kúnná dúró. Ẹni tó bá sọ fún yín pé fílítà òun ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá ju tàwọn yòókù lọ, ẹ bi í léèrè ohun mìíràn tó tún ń jẹ́ kó kọjá.

Ibi tí nọ́ńbà ti ń tan èèyàn jẹ rèé. Fílítà kan dá 99 dúró nínú eruku 100, òmíràn dá 97 dúró. Èèyàn á ní kí ni 2 péré fẹ́ ṣe? Ẹ má wo èyí tó dúró, èyí tó kọjá ni kẹ́ ẹ wò. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ kí 1 kọjá, ìkejì jẹ́ kí 3 kọjá. Eruku tí ríǹgì písítìnnì máa rí lára ìkejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta.

Ní ti pé epo á dín kù: lọ́dún 2009, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Oak Ridge National Laboratory, dán an wò. Wọ́n fi fílítà tó ti di sínú àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń pín epo fún, wọ́n sì fi tuntun wé e. Iye epo tí ọkọ̀ ń jó ò yàtọ̀ lọ́nà tó ṣe é tọ́ka sí. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ọkọ̀ ṣe ń yára gbéra, fílítà tó di máa ń fà á sẹ́yìn. Inú ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀, tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń pín epo fún un, ni wọ́n ti rí i pé fílítà tó di ń jẹ epo. Ìdí tí ti ìgbàlódé ò fi rí bẹ́ẹ̀ ò ṣòro: kọ̀ǹpútà máa ń wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé, ó sì ń fún un ní epo tó bá a mu. Yàtọ̀ síyẹn, tẹ́ ẹ bá ń lọ jẹ́jẹ́, awẹ́ irin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti tì dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni àǹfààní kí fílítà ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí ilẹ̀kùn tó wà níwájú ti sé? Ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá kí ọ̀rọ̀ fílítà tó jẹ yọ. Bí fílítà tó di bá ń mu epo tó iye kan náà pẹ̀lú tuntun, kí ni olówú fẹ́ dín kù?

Ẹ tún má fi dúdú dá a lẹ́bi, Àbẹ̀kẹ́. Eruku tó ti lẹ̀ mọ́ ojú bébà náà máa ń bá a ṣẹ́ eruku tuntun, torí náà fílítà tó ti lò díẹ̀ máa ń dá eruku dúró ju tuntun lọ. Ẹ gbé e sójú iná tó mọ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú bébà rẹ̀ wá, kò tíì di. Ohun tí mo sì máa ń bẹ àwọn èèyàn lé lórí ni pé kí wọ́n yé ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i lẹ ń fún eruku láǹfààní láti já sí apá tó mọ́.

Akérò Ọ̀nà Jíjìn

Mo gba gbogbo ọ̀rọ̀ Olùdánwò, àmọ́ lórí ti àìṣí i yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Dísù onítọ́bò ni mo ń wà, ìyẹn èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ìdajì ọ̀nà mi sì jẹ́ eruku lásán. Àwọn awẹ́ kékeré inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Eruku tó bá kọlu ohun tó ń yí báyẹn ń jẹ ẹ́ lẹ́nu ni. Iye kìlómítà tí ìwé ọkọ̀ kọ síbẹ̀, ọ̀nà ọlọ́dà ni wọ́n fi sọ́kàn. Tí n bá dúró dìgbà yẹn, fílítà mi á ti di.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ fílítà bébà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Èmi náà ṣe é fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ ẹ tán, mo gbé e sójú oòrùn, mo sì rí ihò mẹ́ta bí ojú abẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń yọ níbẹ̀ kedere. Afẹ́fẹ́ tí mo rò pé mo fi ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ló lu ihò yẹn. Mi ò mọ ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀.

Olùdánwò Asẹ́

Ẹ jàre mi níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà eléruku yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísù ńlá ló ní atọ́ka kékeré lára ilé fílítà, tó máa ń pupa tí fílítà bá ti ń ni ẹ́ńjìnnì lára. Tí tiyín bá ní in, òun ni kẹ́ ẹ máa wò dípò kẹ́ ẹ máa ṣí i. Tí kò bá ní, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ kàn máa yára pààrọ̀ rẹ̀.

Sùúrù Lérè

Ṣé ohun tẹ́ ẹ wá ń sọ ni pé ojúlówó ò dáa ni?

Ọ̀gá Sùpánà

Rárá o. Tẹ́nì kan ò bá fẹ́ ronú lé e lórí rárá, ojúlówó ni kó rà. Wọ́n ti fi ilé fílítà gan-an wọ̀n ọ́n, kì í sábà kúrú jù tàbí gùn jù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í sábà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fílítà. Àwọn tó ń ṣe fílítà ló ń ṣe é fún wọn, bíi Mann+Hummel àti Mahle ní Jámánì, tàbí Denso ní Japan. Àwọn yẹn náà sì ń ta fílítà lórúkọ ara wọn. Tẹ́ ẹ bá ra irú wọn, kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ lẹ rà.

Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni ayédèrú, ó sì máa ń gbé orúkọ ojúlówó wọ̀. Ẹ gbé fílítà àtijọ́ yín dání lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á. Ẹ ka ìṣẹ́po bébà méjèèjì. Tí tuntun bá dín kù gan-an, bébà rẹ̀ ò tó, á tètè di. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà etí rẹ̀. Ó yẹ kó rọ̀, kó sì padà sípò kíá. Èyí tó bá le gbagidi tàbí tó bá fi ojú ìka yín sílẹ̀ lára, ẹ dá a padà. Ẹ wo bóyá ìṣẹ́po rẹ̀ dúró ṣánṣán àti bóyá gọ́ọ̀mù rẹ̀ kárí ẹ̀gbẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Onímọ́tò

Mo dúpẹ́ gan-an. Ó ku ẹyọ kan. Ẹnì kan sọ fún mi pé tí mo bá lo ti ilé iṣẹ́ mìíràn, wáráńtì ọkọ̀ ti bà jẹ́ nìyẹn. Tèmi ti kọjá ìgbà wáráńtì, àmọ́ ọkọ̀ àbúrò mi ṣì wà nínú rẹ̀.

Olùdánwò Asẹ́

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tó ti wà láti ọdún 1975, Magnuson-Moss Warranty Act, sọ pé ilé iṣẹ́ ò lè fagi lé wáráńtì kìkì torí pé èèyàn lo ẹ̀yà ọkọ̀ ẹlòmíràn. Àfi tí ẹ̀yà náà bá fúnra rẹ̀ fa ìbàjẹ́. Òfin ibì kan ò sì jọ ti ibòmíràn, kí àbúrò yín ka ìwé wáráńtì rẹ̀, kó sì tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tó bá rà.

Ẹlẹ́sẹ̀ Fúyẹ́

Mo lọ wo páìpù mi lálẹ́ àná bí Ọ̀gá Sùpánà ṣe wí. Kò sí eruku tó fa ìlà, inú mi dùn sí ìyẹn. Àmọ́ mo fi aṣọ nù ún, òróró tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀. Mi ò tíì yọ fílítà mi kúrò, ṣùgbọ́n mo ti yọ MAF, mo sì fọ̀ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Onímọ́tò

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jábọ̀. Mo kọ́kọ́ gbé fílítà àtijọ́ sójú iná bí Olùdánwò ṣe ní kí n ṣe. Ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ wá! Pẹ̀lú gbogbo dídúdú rẹ̀, kò tíì di. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni rọ́bà etí rẹ̀: ó ti gan, ó sì ti sán ní igun méjì. Ká ní mo wo bébà nìkan ni, ǹ bá dá a padà sílé rẹ̀.

Mo gbé e dání lọ. Àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi, tí mo ti ń wò tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́po 47 ni mo kà lára rẹ̀, tí ti àtijọ́ sì jẹ́ 61. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú ọkọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ìdérí ilé fílítà kọ̀, kò dé. Kílíìpù mẹ́ta wọlé, mo fi gbogbo agbára ti ìkẹrin, nígbà tí mo sì wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí àlàfo tí mo lè ki etí bébà bọ̀. Mo dá a padà. Òmíràn tí mo wá mú, ilé iṣẹ́ fílítà ló ṣe é lórúkọ ara rẹ̀: ìṣẹ́po 61, rọ́bà rẹ̀ rọ̀, kílíìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí pé mo tì í. Mo ti kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu inú ilé fílítà náà, mo rí ewé gbígbẹ kan àti kòkòrò bíi márùn-ún nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ ti rin 1,000 kìlómítà láti ìgbà náà. Láàárọ̀ yìí mo tú páìpù ẹ̀yìn fílítà, mo fi áńkáṣíìfù funfun nu inú rẹ̀ yíká, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn. Funfun tó wọlé náà ló jáde.